Olè Tó Gé Ilẹ̀kùn sí Méjì

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí àpò iyọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá gbé lọ́la já lé mi lọ́rùn, kí ọrùn náà wọnú àyà lọ, kí n máa fi ìdodo ríran. Mo búra. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, ojú mi méjèèjì sì là sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ẹrù, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹrù yín ti dé, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan ni, ní ìparí oṣù Júláì, ọdún kẹta tí àwọn Faransé gbé Dàhọ̀mì lé wa lọ́wọ́. Cyprien kúùkù ké ní Ifangni, wọ́n sì gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, olú-ìlú lọ́hùn-ún.

"Honoré! Àjàṣẹ́ bí i báwo?"

Wọ́n gbọ́ ọ ní Igolo níbí, ó tó bẹ́ẹ̀? Adìyẹ tó ń yé ẹyin lọ́wọ́ gbàgbé ẹyin sínú. Gbogbo wa sáré wọ agbo ilé rẹ̀. A bá a lórí ìkúnlẹ̀ láàárín yàrá, ó kó bíríkì ìṣeré sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo eyín ara rẹ̀ tó bọ́. Ilé tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ti di òkìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ilé yẹn, ẹ pàdánù. Cyprien ṣe kúùkù fún òyìnbó kan tó ń mójú tó oko ọ̀pẹ. Nígbà tí òyìnbó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́dún òmìnira, ó fi bíríkì ìṣeré sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Cyprien. Bíríkì oníke ni, pupa àti funfun, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ò ju ìka lọ. Ọmú wà lórí ọ̀kan, ihò wà nídìí ìkejì. Tó o bá tẹ̀ wọ́n mọ́ra, wọ́n á di ara wọn mú bí ọkọ àti ìyàwó ọ̀sẹ̀ kìíní. Àwọn ọmọ ń fi sọ ewúrẹ́ lókò. Cyprien gbà á lọ́wọ́ wọn, ó jókòó tì í. Ilé alájà kan tó ti dáná nínú rẹ̀ rí ní Àjàṣẹ́ ló kọ́. Ó ṣe àtẹ̀gùn sí i. Fèrèsé ibẹ̀ ń ṣí, ó ń tì. Ó gbé aago sókè, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó o bá fi ojú lé fèrèsé, wàá rí àga kékeré kan nínú pálọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé rí. Ilé náà ga kan àjà.

"Àjà wo?"

Ó dé àyà mi.

"Honoré."

Ó dé orókùn mi. Ṣùgbọ́n mo ga! Ẹ jẹ́ n máa bọ̀.

Ọ̀gá tó ń ṣètò àjọ̀dún òmìnira gbọ́ nípa rẹ̀, ó wá, ó fi ṣòkòtò funfun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ilé náà gbọ́dọ̀ dé Àjàṣẹ́, kí gbogbo Dàhọ̀mì rí i. Ó ní wọ́n á mú Cyprien síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti máa ya àwòrán ilé. Kúùkù! Láti ọjọ́ Ajé ni Cyprien ti lọ sí Àjàṣẹ́ lọ wo tábìlì tí wọ́n máa gbé e lé. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló dé, ó bá òkìtì.

Séraphin, ọ̀gá jàńdámù, àwọn ọlọ́pàá wa níbí, wọlé. Òkè ọ̀hún lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí i; Yorùbá rẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ kan rìn.

"Ta ló sùn nínú ilé?"

Fúnláyọ̀, ìyàwó Cyprien, jáde. Ó pọn Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún méje. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń wọ́lẹ̀, ara rẹ̀ gbóná débi pé a lè yan àgbàdo lé e lórí.

"Èmi ni. Oko Lagbé ni mo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń fa gbágùúdá. Nígbà tí mo dé, mi ò wọ yàrá yẹn. Ọmọ ò yá."

"Ọmọ yín kan ṣoṣo nìyí?"

"Méjì ni. Táyé lọ ṣẹ́gi."

Séraphin yí padà: "Ẹ̀yin méjì, ẹ wọ igbó lọ, ẹ mú Táyé wá fún mi!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó ti pé ọdún kan tí Táyé ti lọ ṣẹ́gi tí kò bọ̀. Àgbàlagbà kan sọ ọ́ sí Séraphin létí. Ó pe àwọn èèyàn rẹ̀ padà, ojú tì í, ìtìjú náà sì di ìbínú.

"Bọ̀n, ó dáa. Ọkọ̀ kàmíọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, ọ̀sán gangan. Ó máa gbé ilé lọ, tàbí kó gbé olè lọ. Kò ní padà lófìfo. Ta ló rí nǹkan?"

Ẹnu dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ibi tí ẹnu bá ti dákẹ́, ara mi kì í gbà á. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Mo rí Àdìsá lánàá. Ó gbé àpò. Àpò náà ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́."

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Ó dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn.

Òótọ́ ni mo rí i. Òótọ́ ni ó gbé àpò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyókù síbẹ̀ ná.

Àdìsá, alábàárù bíi wa ni, tí a jọ ń pín ìdí òpó kan ní Igolo níbí. Kí oòrùn tó wọ ìdajì ọ̀run, wọ́n ti dè é.

*

Ìyá Àdìsá ò sunkún. Ó rìn tààrà lọ bá Ògúnjìnmí.

Ẹ̀yin tuntun lè má mọ̀ ọ́n. Ògúnjìnmí ló ń yẹ ẹkùrọ́ wò fún àwọn oníṣòwò. Ó máa ń ti ọwọ́ bọ àpò dé ìgúnpá, á dijú, á ní: "Òkúta mẹ́rin wà nísàlẹ̀. Obìnrin méjì ló pa èyí, ọ̀kan ń kánjú." Tú àpò náà, wàá bá òkúta mẹ́rin. Ó tún lè sọ ohun tí obìnrin náà sè lálẹ́ àná.

"Ọbẹ̀ wo?"

Ilá! Ẹ dákẹ́. Ògúnjìnmí rìn lọ bá Séraphin.

"Àdìsá kọ́."

"Bàbá, ẹ mú ẹlòmíì wá. Tí mo bá tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, èmi ni kàmíọ̀ máa gbé."

"Ó dáa. Ẹ yá mi ní ẹlẹ́rìí yín."

Báyìí ni mo ṣe di èèyàn ńlá. Gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fi tẹ̀ lé Ògúnjìnmí kiri. Mo rò pé nítorí ọgbọ́n mi ni. Bí a ṣe gbéra, ó ní:

"Honoré, kí lo ní ó wà nínú àpò Àdìsá?"

"Bíríkì, Bàbá. Mo gbọ́ ọ tó ń dún."

"Hùn-ún," ó ní.

*

Nínú yàrá Cyprien, Ògúnjìnmí tẹ́ ẹní, ó da òkìtì náà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹkùrọ́. Pupa gígùn síbí. Pupa kúkúrú sọ́hùn-ún. Funfun. Fèrèsé. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó gbójú sókè.

"Cyprien, fèrèsé mélòó lo fi kọ́ ọ?"

Cyprien ò ronú. Ó mọ̀ ọ́n bí abiyamọ ṣe mọ eyín ẹnu ọmọ. "Ogójì."

"Ogún ló wà níbí. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́?"

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́rin. Pupa gígùn?"

"Igba."

"Ọgọ́rùn-ún. Aago?"

"Méjì."

"Mo rí ọ̀kan. Ilẹ̀kùn àbáwọlé ńkọ́?"

"Ẹyọ kan ni. Méjì ni tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ tẹ ọ̀kan fọ́ léṣìí."

Ògúnjìnmí na ọwọ́ sí i. Ìdajì ilẹ̀kùn funfun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gé e láti òkè délẹ̀, ojú ibi tí wọ́n gé ń dán, ó sì dúdú díẹ̀. Ó gbé e sí mi nímú.

"Kí ló ń rùn?"

"Bí ike tó jóná."

"Ọ̀bẹ gbígbóná ni. Honoré, bí o bá jí iṣu, ṣé o máa ń fi ìdajì sílẹ̀ fún olóko?"

"Èmi? Màá kó iṣu, màá kó ebè, màá fẹ́ ọmọ olóko."

"Tó bá wá ku iṣu ẹyọ kan?"

"Màá gbé e lódindi."

"Ẹni tó wá síbí kò lè gbé e lódindi, kò sì lè fi í sílẹ̀ lódindi. Ó jókòó, ó gbóná ọ̀bẹ, ó gé e. Kò sí bíríkì tó fọ́, wọ́n tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó ń sá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni yìí ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́." Ó gbọn ẹní. "Olè kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń pín nǹkan ni. Cyprien, ta ló ní ìdajì ilé yìí jẹ́ tòun?"

Cyprien gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Augustin," ó ní.

*

Òótọ́ ni. Gbogbo Ifangni ló ti gbọ́ Augustin bíríkìlà nídìí ẹmu: "Èmi ni mo kọ́ kúùkù yẹn bí a ṣe ń to bíríkì kí ògiri má ya. Ìdajì ilé yẹn, tèmi ni!" Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń tú Àdìsá sílẹ̀. Mo fẹ́ fò. A rìn dé Lagbé, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta.

"Lagbé yìí?"

Oòrùn mú, ó dà bí ọjọ́ mẹ́ta. A bá Augustin nínú kànga tó ń mọ ògiri sí, orí rẹ̀ nìkan ló yọ.

"Augustin, ìdajì ilé Cyprien jẹ́ tìẹ?"

"Ẹmu ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ta ló mu ẹmu náà?"

"Èmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà nínú ihò yìí. Ẹ bi onílé. Okùn ni wọ́n fi ń sọ oúnjẹ sí mi bí ìnàkí."

Onílé jẹ́rìí. Kò tíì tó Ògúnjìnmí. Ó mú bíríkì méjì tó ṣì di ara wọn mú jáde lápò.

"Tú u."

Augustin fún un, ó yí i, ó fi eyín sí i. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ orí ìka rẹ̀ tán, wọ́n nípọn bí ẹsẹ̀ ẹran. Bíríkì náà yọ̀ bọ́ sínú kànga. A gbọ́ ọ, pọ̀-ọ́.

"Kò lè tú méjì," Ògúnjìnmí ní, "ká má tíì sọ ẹgbẹ̀rún."

Augustin pè wá bí a ṣe ń lọ. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Bàbá, ilé yẹn dára ju gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láyé mi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní tèmi ni."

Lójú ọ̀nà, èmi àti Ògúnjìnmí kọjá igi ọ̀pẹ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà:

"Honoré, kí ló wà nínú àpò Àdìsá?"

"Bíríkì. Àpò náà ní ihò, mo rí pupa níbẹ̀."

"O rí pupa."

"Pupa yòò, Bàbá! Nígbà tí mo kí i, kò dáhùn."

Ó dúró, ó wò mí bí ó ṣe ń wo ẹkùrọ́ tó ti bu. Lẹ́yìn náà ó bá ọ̀nà lọ.

*

A padà dé agbo ilé Cyprien ní ìrọ̀lẹ́. Fúnláyọ̀ wà nílé ìdáná, ó ń din àkàrà díẹ̀ fún Kẹ́hìndé tó sùn sórí ẹní. Àkàrà márùn-ún ló jáde. Ó fi méjì sínú abọ́ ọmọ, ó fi méjì sínú àwo kékeré kan. Ó ku ẹyọ kan. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé e sí méjì, ìdajì síhìn-ín, ìdajì sọ́hùn-ún. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé àwo kékeré náà sẹ́yìn ìkòkò omi.

Mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo rò pé ebi ń pa á. Ògúnjìnmí jókòó sórí àpótí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

"Ìyá Ìbejì, ta lò ń bu ìyẹn fún?"

"Táyé," ó ní. Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó rò ó.

Mo bẹ ẹ̀yìn ìkòkò wò. Ère kékeré kan wà níbẹ̀, ó fi osùn pa á lára, ó ro àkísà aṣọ mọ́ ọn nídìí. Cyprien ti ṣèrìbọmi, kò fẹ́ rí i, ni obìnrin náà ṣe fi ìkòkò omi bò ó.

"Yá mi ní ọ̀bẹ yẹn." Ògúnjìnmí fi àtàǹpàkò ra ẹnu ọ̀bẹ. Ike funfun díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, bí èèpo ẹyin. "Fi ọwọ́ rẹ hàn mí, ọmọ mi."

Ó nà án.

"Gbágùúdá máa ń bó àtẹ́lẹwọ́. Tìẹ mọ́. Ṣùgbọ́n èékánná rẹ ti ya dé ẹran, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lagbé kọ́ lo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àpótí mélòó ni òyìnbó yẹn fún àwọn ọmọ?"

"Méjì, Bàbá. Ọgbọọgba. Ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Òyìnbó pàápàá mọ̀ pé a kì í fún ìbejì lọ́kan." Ẹnu rẹ̀ là, kò sì lè pa á dé mọ́. "Bàbá wọn da méjèèjì pọ̀, ó fi ń kọ́lé. Nígbà tí Táyé lọ, kò dá a dúró. Mo gbà. Ó ń tù ú nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní wọ́n ń gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, ara Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Táyé wá bá mi lójú àlá. Ó ní, 'Ìyá, wọ́n ń gbé tèmi lọ.' Mo sọ fún Cyprien. Mo ní kó yọ ti Táyé sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Kí èyí tó kù náà lọ ṣẹ́gi?"

"Níbo ló wà?"

Ó fi àgbọ̀n nà sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ igi kan tí wọ́n gbá ìdí rẹ̀ mọ́. A mọ ohun tó wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ilẹ̀ ibẹ̀ ni.

"Ẹ má wú u, Bàbá. Ẹ ti mí mọ́lé. Ẹ má wú u."

"Ìwọ lo tú ilé mi."

Cyprien ni. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ò mọ ìgbà tó dé.

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi bó," Fúnláyọ̀ ní.

"Ọdún mẹ́ta, Fúnláyọ̀. Ọdún mẹ́ta."

"Ọdún mẹ́fà ni Táyé."

Cyprien jókòó sílẹ̀ níbi tó wà. Kò wá ibi tó mọ́.

*

Mo fẹ́ pariwo ayọ̀. A ti mú un! Ògúnjìnmí fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní fún Cyprien:

"Ẹ̀rí wà, inú ilẹ̀ ló wà. Bí Séraphin bá gbọ́, ó máa gbẹ́ ibẹ̀, ó sì máa mú obìnrin yìí. Ìwọ nìkan ló lè sọ pé kò sí olè. Sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo tú ilé rẹ."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ilé ò sí mọ́. Àjàṣẹ́ ò sí mọ́."

"Ilé ò sí mọ́ tẹ́lẹ̀. Àdìsá ló ṣì wà."

Cyprien wo ọmọ tó sùn. Ara ọmọ náà ń jó bí iná. "Ẹ jẹ́ kí n dúró tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sán ni kàmíọ̀ ń bọ̀. Àárọ̀ kùtù ni màá lọ. Mo búra."

Ògúnjìnmí gbà. Lẹ́yìn náà ó fà mí jáde sí abẹ́ òrùlé.

"Ìwọ lọ báyìí. Ẹkùrọ́ ló wà nínú àpò Àdìsá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọwọ́ mi yìí ló wọ inú àpò náà dé ìgúnpá, mo kàn án nísàlẹ̀. Kò sí pupa kankan. Mo ti sọ ọ́ fún Séraphin, ó ní àgbà ni mí, mo lè ṣàṣìṣe, ọ̀dọ́ ní ojú tó dá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ kó o lè jáde nínú irọ́ rẹ, ṣe lò ń wọlé sí i. Lọ kó ẹnu rẹ kúrò lára Àdìsá kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án tí ẹlẹ́rìí bá ti yí padà. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Mo lọ. Ẹ gbọ́, mo lọ o. Mo dé ẹnu ọ̀nà àwọn jàńdámù. Àwọn èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ó tó ogún. Rárá. Mẹ́fà ni wọ́n. Bí mo ṣe yọ, wọ́n ní: "Ẹlẹ́rìí dé! Ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí nínú àpò!" Ẹnì kan fún mi ní ìjókòó. Séraphin jáde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní mùsé, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọ̀gá. Kò sí ẹni tó pè mí ní mùsé rí.

"Mùsé Honoré, ṣé ẹ ní nǹkan láti fi kún un?"

Mo ní: "Rárá. Mo kàn wá kí yín ni."

*

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́, Cyprien jáde nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Èmi àti Ògúnjìnmí bá a níwájú ilé àwọn jàńdámù. Ojú ẹsẹ̀ kàmíọ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ó tutù.

"Ó ti lọ," Séraphin ní. Kò wo ojú wa.

"Ẹ ní ọ̀sán!" Cyprien ní.

"Àdìsá gbà lálẹ́ àná. Ó tẹ̀ka. Nígbà tí olè bá ti gbà, kí là ń dúró dè?"

"Ó gba kí ni?" Ògúnjìnmí ní.

"Ó ní òun tà á ní Idiroko."

"Ẹni tí kò rí nǹkan ló tà á?"

Séraphin fi bàtà pa ojú ẹsẹ̀ kàmíọ̀ rẹ́ díẹ̀. "Bàbá, ẹ lọ sílé."

Ògúnjìnmí yí sí mi. Ẹ má retí pé kó gbá mi létí. Mo dúró de ìgbájú yẹn, mo tilẹ̀ na ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kàn wo ọwọ́ mi. Kò sí egbò kankan lára rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Cyprien di bíríkì tó kù sínú àpò, ó gba Àjàṣẹ́ lọ. Ó ní kò sí olè, òun lòun tú ilé òun. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó tún un kọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, tí fèrè ń dún, tí àwọn ọmọ iléèwé ń ju àsíá, Cyprien kúnlẹ̀ sórí tábìlì ó ń to bíríkì. Ìdajì ló ní lọ́wọ́. Iwájú ilé nìkan ló jáde. Ó ní fèrèsé níwájú, ó ní aago níwájú, ó ní ìdajì ilẹ̀kùn. Tó o bá yí sẹ́yìn, ìta ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti ń yí. Wọ́n lé e sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ àlà sórí tábìlì, wọ́n gbé ife lé e.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó dá Àdìsá sílẹ̀. Mi ò fi ẹyọ kan kún un. Mọ́kànlélógún.

Kẹ́hìndé ò lọ ṣẹ́gi. Ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ yẹn gan-an, ó ń sáré kiri báyìí. Ẹ má bi mí ohun tó mú un sàn. Cyprien ń dá oko, kò fọwọ́ kan bíríkì mọ́. Fúnláyọ̀ ṣì ń pín gbogbo nǹkan tó bá sè, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀nà mẹ́ta: ti Kẹ́hìndé, ti ẹ̀yìn ìkòkò, ẹ̀kẹta nínú abọ́ tó ń bò mọ́lẹ̀ gbé wá sí Igolo níbí lójoojúmọ́.

"Honoré, ó tó."

Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀.

"Ó ti parí. A mọ ìyókù."

Ẹ ò mọ̀ ọ́n! Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ abọ́ yẹn, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ti ká bí ewé gbígbẹ láti alẹ́ tí wọ́n ní kó tẹ̀ka, kò lè di okùn ẹrù mú mọ́. Ó ń kẹ̀yìn sí èèyàn kó tó bu òkèlè. Ọdún kan rèé tí mo ti ń wá síbí lójoojúmọ́, tí mò ń kí i, tí kò dáhùn. Ni mo ṣe ní lónìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ó...

"Máa lọ sílé, Honoré."

"Lọ sílé, jàre. Ìyá ẹ ń dúró."

"Gbé ẹnu yẹn, máa gbé e lọ sílé."

Mo ń lọ. Mo ti dìde, ẹ ò rí i? Àdìsá, ìwọ tó o jókòó sídìí òpó yẹn, ìwọ náà sọ nǹkan. Bú mi. Ohunkóhun tó o bá sọ, mo gbà á.

"Máa lọ sílé."